Gíríńdà Kékeré Tí Mo Fi Gbẹ́ Sílíńdà Vespa Bàbá Mi: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́rin

Gíríńdà náà ṣiṣẹ́. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ láti fi gbẹ́ ihò inú sílíńdà alùpùpù rẹ̀ nílé, kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa kó sì lágbára sí i. Ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin ni mo ti rà á, ₦38,000, pẹ̀lú okùn onírin gígùn tó máa ń yí bíìtì (orí kékeré tó ń gé nǹkan) níwájú àti páálí kan tó kún fún bíìtì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Wátì 130 ni wọ́n kọ sí i lára. Páálí yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, òun náà ló sì já mi kulẹ̀ jù. Òkúta inú rẹ̀ dára fún igi àti èékánná, ṣùgbọ́n irin sílíńdà jẹ mẹ́rin run nínú wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bíìtì kábáìdì (irin líle gan-an) méjì tí mo padà lọ rà lọ́tọ̀ ní ₦17,000 ló gbé iṣẹ́ náà délé. Ẹ ṣírò owó yẹn mọ́ ti gíríńdà kí ẹ tó jáde nílé.

Vespa PX150 ni alùpùpù náà. Òun ni Bàbá fi ń lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ wọn ní Ọ̀fà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ó pẹ́ tó ti wà ní yàrá ẹrù wa ní Gáà Akanbí kí n tó gbé e jáde, kí n sì gbé sílíńdà rẹ̀ lọ fún ọ̀gá tó ń lo ẹ̀rọ léèdì kó bọ́ọ̀ ọ́, ìyẹn kó fẹ inú rẹ̀, fún pístínì tuntun, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tú-sírókù ni, sílíńdà rẹ̀ kò ní fáàfù, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì. Nínú sílíńdà, pístínì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò, òun náà ló ń tì í. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ihò èéfín ló máa kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ni àwọn ihò tí epo àti afẹ́fẹ́ tuntun ń gbà gòkè á ṣí. Ibi tí etí ihò kọ̀ọ̀kan dúró sí ló ń sọ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì á mí. Irin tí a bá sì ti gé kúrò, kò sí bí a ṣe lè dá a padà. Bàbá mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi máákà kun inú sílíńdà, wọ́n ní, “Àlàbí, ṣé o ti wọ̀n ọ́n?” Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, “Tún un wọ̀n.”

Ibi tí èrè pọ̀ sí jù kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí sílíńdà ti jókòó lé ara ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì, bébà tó máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì, lé ìdí sílíńdà, mo fi bírò tọ etí àwọn ihò, mo wá gbé gáskẹ́ẹ̀tì kan náà lé ẹnu ẹ́ńjìnnì. Wọn ò bára mu! Ní apá kan, ara ẹ́ńjìnnì yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó mìlímítà méjì, bí ìgbà tí wọ́n gbé àlòkù ilẹ̀kùn sí ojú ilẹ̀kùn tí kò bá a mu. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń di mọ́ eyín bíìtì títí bíìtì ò fi ní gé nǹkan kan mọ́. Mo ń ti bíìtì bọ kẹrosíìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kẹrosíìnì tán, mo fi àbẹ́là pa á lára, ó sì ṣiṣẹ́ bákan náà. Irin sílíńdà ò fẹ́ kẹrosíìnì ní tirẹ̀, gbígbẹ ni kí ẹ gbẹ́ ẹ.

Ẹ di inú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àkísà tí ẹ fi gírísì pa kí eruku irin má wọ ibi bíárìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bíìtì kan pèpéle tí kíránkì, irin tí pístínì ń yí, ń yí gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò. Lára Vespa, kíránkì àti pèpéle yẹn ló ń ti ihò náà, àlàfo àárín wọn ò sì tó nǹkan rárá. Ẹni tó bá ha ibẹ̀ ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyẹn. Mo fi téèpù bo tèmi ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ní ti ihò èéfín, n kò gbé orí rẹ̀ sókè. Tí a bá gbé e sókè, agbára á sá lọ sí ibi eré sísá, ẹ́ńjìnnì á sì rẹ̀ nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹrù àti èrò la fẹ́ fi alùpùpù yìí gbé. Mo kàn fẹ̀ ẹ́ ní mìlímítà kan lọ́tùn-ún àti kan lósì, mo sì rí i pé kò kọjá mìlímítà 37. Sílíńdà tó fẹ̀ tó mìlímítà 58 nìyí. Tí ihò bá fẹ̀ jù, ríǹgì tó yí pístínì ká lè máa yọ sínú rẹ̀, kó kọ́, kó sì ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi sáńdípépà pa gbogbo etí kí wọ́n má mú bí abẹ.

Àwọn àbùkù gíríńdà náà wá. Ẹnu tó ń di bíìtì mú máa ń tú lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú ogún. Ẹ̀ẹ̀kan ni bíìtì fò jáde tó sì ha ògiri, ẹ má ṣe lò ó láìwọ gíláàsì ojú. Okùn onírin rẹ̀ máa ń gbóná débi pé mo ní láti fi aṣọ tútù wé e. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ wa kékeré gbé e láìjanpata, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí òru ni mo ń ṣiṣẹ́, iná kì í sì í dúró.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì wà nínú kábúrétọ̀. Jẹ́ẹ̀tì ni ihò kékeré tó ń díwọ̀n epo níbẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń pọ̀ tó. Jẹ́ẹ̀tì 100 tó wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀, mo sì gbéra lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan. Mo kọjá Gànmọ̀, mo ṣí gáàsì pátápátá. Kí n tó dé Ìdọ̀fián, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà, ó di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé, lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn fẹ́ dúró gbagidi. Ọwọ́ mi ti wà lórí klọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló yọ mí. Mo tú plọ́ọ̀gì wò, ó funfun bí ẹfun, àmì pé epo ò tó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tutù, ó ki, ẹ́ńjìnnì sì ti ń mí dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo tó ń rí ò tó o mọ́, ó gbóná, pístínì wú. Ilà méjì péré ló wà lára pístínì náà, mo fi sáńdípépà olómi pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo fi 108 sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni tí èéfín wọ̀ lọ́fun. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 105. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: mo máa ń sáré nínú gíà kẹrin ní gáàsì kíkún, mo di klọ́ọ̀ṣì mú, mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tú plọ́ọ̀gì. Níbi 105, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀pà yíyan. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 102. Ọ́ìlì tú-sírókù jẹ́ mílílítà 20 sí lítà epo kan. Èmi fúnra mi ni mo ń wọ̀n ọ́n, n kì í jẹ́ kí ọmọ ilé epo fojú díwọ̀n.

Ìgòkè kan wà lọ́nà Ṣóbí tí mo máa ń já gíà sí kejì tẹ́lẹ̀ bí Bàbá bá wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀kẹta ló ń gbé wa gùn ún báyìí. Epo tó ń mu pọ̀ díẹ̀ sí i, mo gbà fún un. Fún gíríńdà náà, máàkì méje nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Òmù-Àrán ti fi sílíńdà tirẹ̀ ránṣẹ́, mo sì ti ra bíìtì kábáìdì kẹta sílẹ̀. Bàbá ló fẹ́ wọ̀n tiẹ̀.