Géèmù Ogun Orí Tábìlì àti ti Kọ̀ǹpútà: Èwo Ló Yẹ Kí Ará Abẹ́òkúta Rà?

Kí ẹni tó fẹ́ ra géèmù ìjà ogun ní Abẹ́òkúta tó bèèrè iye owó, ohun méjì ló yẹ kó kọ́kọ́ rò: ṣé ó ní ẹnìkan tí yóò máa bá a jókòó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣé iná sì máa ń wà ládùúgbò rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀? Mẹ́rin ni mo fi wéra níhìn-ín, méjì ti orí tábìlì, méjì ti kọ̀ǹpútà.

Memoir '44, tó jáde ní 2004, tó sì dá lé Ogun Àgbáyé Kejì, ló sún mọ́ ayò jù lọ lójú mi, nítorí pé ẹni méjì ló ń kojú ara wọn, ìjà kan kì í sì í sábà kọjá wákàtí kan. Pátákó rẹ̀ kún fún ojú onígun mẹ́fà, ó pín sí apá òsì, àárín àti ọ̀tún, káàdì ọwọ́ yín ló sì ń sọ apá tí ẹ lè pàṣẹ fún. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀tá wà nínú igbó, ní ojú onígun mẹ́fà kejì sí àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ yín. Dáìsì lẹ fi ń yìnbọn; méjì ni ẹlẹ́sẹ̀ yín ì bá jù. Igbó gba ẹyọ kan, ó ku ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ táǹkì yín ló fẹ́ yìnbọn, dáìsì mẹ́ta rẹ̀ yóò dín méjì. Bí ẹlẹ́sẹ̀ ló sá pamọ́ síbẹ̀, ojú mẹ́ta nínú mẹ́fà dáìsì tó kù ló lè pa ẹyọ kan nínú wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ iṣẹ́ tí odi ìlú ṣe nígbà tí ogun Dàhòmì dé ní 1851 kò ní bèèrè ìdí tí ibi ìfarapamọ́ fi ń dín agbára ọ̀tá kù.

Undaunted: Normandy ti 2019 kò dùn ún wò tó Memoir '44, ṣùgbọ́n ó mú èèyàn ronú jù ú lọ. Káàdì ni ọmọ-ogun yín. Bí ìbọn bá bà wọ́n, káàdì kan yóò jáde pátápátá, tí agbára yín yóò sì máa rù díẹ̀díẹ̀. Páálí rẹ̀ kéré, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò san owó ẹrù láti òkè òkun.

Ní ti kọ̀ǹpútà, Into the Breach (2018) ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ fún ẹni tó ń dá ta á. Ojú mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ péré ni pápá rẹ̀, ẹ̀rọ ogun mẹ́ta lẹ ní, ó sì máa ń fi ibi tí ọ̀tá fẹ́ kọlù hàn yín kí ó tó ṣe é, débi pé bí ẹ bá pàdánù, ọ̀tá kọ́ ló tàn yín. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ pàápàá lè gbé e.

XCOM 2 (2016) dùn jù ú lọ, nítorí pé ọmọ-ogun tí ẹ sọ lórúkọ, tí ẹ tọ́ dàgbà, bó bá kú kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n àyè tó tó 45 GB ló ń béèrè lórí kọ̀ǹpútà. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, ẹni tó tà á fún mi búra pé yóò gbé e, mo sì fi dátà òru ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ gbé géèmù náà wọlé. Ìjà àkọ́kọ́ kò tíì parí tí ẹ̀rọ náà fi gbóná bí ààrò, tó sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan géèmù sórí rẹ̀ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹni tí kò tíì dá a lójú pé irú eré yìí bá òun lára mu lè fi The Battle for Wesnoth, géèmù ogun ti kọ̀ǹpútà mìíràn, ṣe ìdánwò, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wọlé. Bó bá sì jẹ́ Memoir '44 àlòkù lẹ rí rà, ẹ ka dáìsì inú páálí kó tó di pé ẹ sanwó: mẹ́jọ ló yẹ kí ó pé.