Fóònù mi ni tẹlifíṣọ̀n mi: ibi tó ti dára, àti ohun tí mo ṣì ń retí

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, orí fóònù ni mo sì ti ń wo gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n: ìròyìn, bọ́ọ̀lù, fíìmù. Tí mo bá fi máa délé, oorun ló kàn. Èyí tí mò ń lò báyìí, ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6.7, OLED ni, ó sì ń tún àwòrán yà nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ojú fóònù yìí rò. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé inú rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fóònù kọjú sí, dípò kámẹ́rà tí wọ́n ń fi kún kámẹ́rà lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yínyìn. Ojú OLED jẹ́ àkójọ iná wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá tàn, tó ń dá kú. Nínú fíìmù tí ìran rẹ̀ pọ̀ lóru, ibi tó yẹ kó dúdú máa ń dúdú kirikiri, kì í rí eérú-eérú. Ti 120 yẹn náà kì í ṣe àṣehàn lásán. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlọ́po márùn-ún 24 ni 120, kò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 60 kò ṣeé pín fún 24 bẹ́ẹ̀, nítorí náà fóònù onígbà 60 á fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, á fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo ibi tí kámẹ́rà bá ti rọra ń yí kiri lórí ilé tàbí orí òkè, ẹ ó rí i bó ṣe ń ta gìrìgìrì.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ínǹṣì 6.7 tàn yín jẹ. Fóònù òde òní gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́: bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 9, gígùn rẹ̀ á tó 20. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, 16 sí 9 ni. Tí ẹ bá dá fóònù dùbúlẹ̀, òkùnkùn á gba òpin méjèèjì, àwòrán á sì wà láàárín. Mo fi rúlà wọn tèmi láti igun dé igun àwòrán: bíi ínǹṣì 5.6 ló kù. Ẹ lè fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó kún ojú fóònù, ṣùgbọ́n orí àwọn èèyàn á gé, àmì ayò tí wọ́n kọ sókè náà á gé.

Ohun tó jẹ́ kí n ronú nípa fóònù tó ṣeé ṣẹ́ po nìyẹn. Ìṣirò tí mo ṣe kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ mú Galaxy Z Fold4 ti Samsung bí àpẹẹrẹ. Ínǹṣì 7.6 ni ojú inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn àti ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà àwòrán 16 sí 9 tó máa jókòó síbẹ̀ kò ju bíi ínǹṣì 6.7 lọ. Gbogbo owó gọbọi yẹn, gbogbo ṣíṣí àti pípa yẹn, nítorí ínǹṣì kan àti díẹ̀! Onípele mẹ́ta, ìyẹn èyí tó ń ṣẹ́ po sí ọ̀nà mẹ́ta, ló yàtọ̀. Mate XT tí Huawei gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024 máa ń di ínǹṣì 10.2 tí wọ́n bá nà án tán, àwòrán tẹlifíṣọ̀n sì máa gbà tó bíi ínǹṣì 9.6 nínú rẹ̀. Samsung náà ti gbé onípele mẹ́ta tirẹ̀ jáde. Irú èyí ni mò ń fojú sọ́nà fún, bí wọ́n bá lè mú un fúyẹ́, torí gíráàmù 298 ni Mate XT, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi wo odindi fíìmù á ro ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń polówó fóònù kì í mẹ́nu bà rárá, ó sì ń bí mi nínú. Widevine ni orúkọ rẹ̀, Google ló ni ín. Òun ni àwọn tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ fi ń ti fíìmù wọn pa kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i dà kọ. Lórí Android, ipele L1 ń ṣí àwòrán náà níbi tó pamọ́ nínú ẹ̀rọ fóònù gan-an. L3 kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Fóònù tó bá jẹ́ L3, Netflix kò ní fún un ní HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, kódà kí ojú rẹ̀ mọ́ ju dígí lọ. Ẹni tó rà á á máa rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa, á máa ra dátà kún dátà. Nínú áàpù Netflix lórí Android, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Playback Specification sí. Ẹ ó rí i níbẹ̀ bóyá L1 ni tàbí L3. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí fóònù gàdàgbà-gadagba.

Bọ́ọ̀lù ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbi iṣẹ́ wa ní rédíò kékeré kan. Bọ́ọ̀lù á ṣì wà láàárín pápá lójú fóònù mi, ẹni tó máa gbá a wọlé kò tíì fẹsẹ̀ kàn án, Bàbá á ti fò sókè: “Góòlù!” Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á ké sí i láti inú ilé: “Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ẹ má tíì sọ ọ́!” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ ná.

Ohun tó fà á ni pé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣàn bí omi. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ ni. Ìlànà HLS tí Apple gbé jáde ní 2009 ni ọ̀pọ̀ áàpù ń tẹ̀ lé: ẹyọ kọ̀ọ̀kan á gba bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, láyé àtijọ́ ó tó mẹ́wàá, fóònù á sì kó bíi mẹ́ta pa mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 18 sí 30 ti lọ, a ò tíì ka ìrìn àjò láti pápá. Ọdún 2019 ni Apple kéde èyí tó yára, tí wọ́n ní ó lè mú ìdádúró náà wá sí abẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìmọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, áàpù tí èmi ń sanwó fún ni kò tíì lò ó. Ní ti dátà ńkọ́? Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan ní HD lè jẹ tó gígábáìtì mẹ́ta.

Ohun tó sì ń jọ mí lójú ni pé fóònù ti gba tẹlifíṣọ̀n láìlo dátà rí. Ní Kòríà, ètò tẹlifíṣọ̀n orí fóònù tí wọ́n ń pè ní DMB bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní Japan, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 1seg bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2006: wọ́n pín ìgbì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 13, wọ́n ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún fóònù. Ẹ óò fa áńtẹ́nà yọ, àwòrán dé, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán náà kéré, 320 sí 180 péré, ṣùgbọ́n kì í dúró gbagidi nígbà tí èrò bá pọ̀, torí iye èèyàn yòówù kó máa wò ó, ìgbì kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Qualcomm gbìyànjú tirẹ̀, FLO TV, wọ́n tì í pa ní 2011. iPhone kò gba 1seg sínú rí, nígbà tó sì yá, àwọn onífóònù yòókù náà ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí pé a jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ni ìròyìn 5G Broadcast fi ń mú inú mi dùn. Òpó tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí fóònù tààrà, láìgba SIM, láìjẹ dátà. Wọ́n fi ìdíje Eurovision 2022 dán an wò ní àwọn ìlú kan ní Yúróòpù, títí kan Paris àti Vienna. Íńdíà náà ń dán irú rẹ̀ tiwọn wò, tí wọ́n ń pè ní D2M, ilé iṣẹ́ HMD àti Lava sì wà lára àwọn tó ti ń ṣe fóònù fún un. Èyí ju kámẹ́rà kẹrin lọ lójú tèmi, ó jù ú lọ fíìfíì.

Mo tún ń retí Auracast, tí àwọn elétò Bluetooth kéde ní 2022, tí fóònù kan á fi lè fi ohùn ránṣẹ́ sí íápíìsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, èmi àti Ẹ̀gbọ́n jọ ń pín íápíìsì olókùn ni: ẹyọ kan létí ọ̀tún rẹ̀, ẹyọ kan létí òsì mi, okùn rẹ̀ nà tàn-án láàárín wa, kò sí ẹni tó lè fẹ̀yìn tì. Bátìrì onísílíkọ́nù àti kábọ́nù ti dé ní tirẹ̀, ó ti ń mú àwọn fóònù kan kọjá 7000 mAh láìsanra, nítorí náà mi ò fi ìyẹn ṣe ìyọnu mọ́.

Ẹni tí ti ẹ̀ bá ti bàjẹ́ tó sì gbọ́dọ̀ rà lónìí, kó wá OLED onígbà 120 tó ní L1 àti bátìrì ńlá, kó má wulẹ̀ sanwó onípele méjì nítorí tẹlifíṣọ̀n. Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́. Màá dúró de èyí tó máa gba 5G Broadcast, kí góòlù Bàbá àti tèmi lè jọ máa wọlé.