Oṣù Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú Ẹ̀rọ DC-DC 30 Ámpì àti Sólà Nínú Karafáànù Ẹja Mi, Láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́

"Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti ń rí iná tí ẹja yín fi ń dì báyìí, tí a ò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀?" Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi ń bi mí ní Ìkòròdú nìyẹn. Mo kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má bàa jẹ irú ìyà tí mo jẹ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Karafáànù tòkunbọ̀ kékeré ni. A gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, a fi fèrèsé ìtajà sí i. Hilux àtijọ́ ti bàbá àwọn ọmọ mi ló ń fà á. Láràárọ̀ Sátidé, a ó gba Ìtòìkín lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, a ó ra òbòkún, ẹpìyà àti àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú bèsìnnì, a ó ṣa wọ́n, a ó kó wọn sínú fíríìjì, ó di ilé. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, bí ọ̀nà bá dáa.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I better pass my neighbour", ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ni epo ti ń jẹ èrè ẹja mi. Rewáyà kan wá bá mi fa wáyà tín-ín-rín láti ibi iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wá sí bátìrì olómi tó wà nínú karafáànù. A dé Ẹ̀pẹ́, bátìrì ò kún. A padà délé, kò kún. Lóru ọjọ́ kan ló kú mọ́ fíríìjì nínú. Bí mo ṣe ṣí i láàárọ̀, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Odindi bèsìnnì òbòkún ni mo dà nù, mo sì sunkún sí i.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni bátìrì lithium, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 100 Ah (ìyẹn ni pé ó lè gbé ámpì kan fún ọgọ́rùn-ún wákàtí), 12.8 fóltì, pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 180 wáàtì pẹ̀lú MPPT tiwọn, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà wọ bátìrì, àti ẹ̀rọ DC-DC 30 ámpì, èyí tó ń fi iná ọkọ̀ kún bátìrì karafáànù bí a ti ń rìn, tí mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò le yé èèyàn. Iná tó ń ti ọ̀tanétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, bọ̀ kì í dé ẹ̀yìn bó ṣe kúrò níwájú. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbà, yóò gbé e sókè sí 14.4 fóltì tí bátìrì lithium ń fẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ohun tó ń wọlé ju 30 ámpì lọ. Ẹ má fojú kékeré wo ìkẹyìn yìí. Bátìrì lithium tí kò kún máa ń fa iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọ̀tanétọ̀ tààrà, ọ̀tanétọ̀ lè gbóná kó jó. Àwọn ọkọ̀ tuntun tún ní tiwọn: ọ̀tanétọ̀ wọn máa ń rẹ fóltì sílẹ̀ nígbà tí bátìrì iwájú bá ti kún, ìyẹn ni pé láìsí irú ẹ̀rọ yìí, díẹ̀ ló máa kan karafáànù nínú ìrìn náà.

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a so ó, n ò rí ọ̀kánkán rẹ̀. Yóò tàn, yóò kú, yóò tún tàn. Mo ti fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọmọkùnrin rewáyà kan láti Ìgbógbó ló ní kí n ní sùúrù. Ó ní kí bàbá àwọn ọmọ tan ọkọ̀, ó gbé mítà lé bátìrì iwájú, ó tún gbé e lé ẹnu ẹ̀rọ lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. Níwájú, 14.1. Níbí, 12.9. Ibo ni ìyókù wà?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi, ọmọ mi."

Ó yọ ọ̀bẹ, ó bó ẹnu wáyà náà, ó sì rọra họ fọ́nrán kan. Pupa ló wà lókè, funfun bíi ìkòkò àlúmíníọ́mù ló wà nínú. Wọ́n kọ 10mm sí i lára, wọ́n sì tà á fún mi gẹ́gẹ́ bíi bàbà. Ẹ̀rọ náà ò rí 13 fóltì, ó gbà pé a ti pa ọkọ̀, ló bá dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́, fóltì tún gòkè, ló bá tún jí. A yọ wáyà yẹn dànù, a fi ojúlówó bàbà 16mm rọ́pò rẹ̀, lílọ mítà mẹ́fà, bíbọ̀ mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, 13.6 ló ń dé ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ò sì kú lójú ọ̀nà mọ́. Ẹ gbé ọ̀bẹ dání lọ ra wáyà.

Fíríìjì, fáànù àti gílóòbù mi ń jẹ nǹkan bíi 75 Ah lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sólà nìkan ń pèsè rẹ̀, bí mo bá ti nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì. Igi máńgòrò ilé wa ló kọ́kọ́ fẹ́ bà á jẹ́: òjìji rẹ̀ á bo pánẹ́ẹ̀lì kan, ìkejì náà á rọ, nítorí pé wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra. A yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, kálukú wá ń ṣe tiẹ̀.

Oṣù keje ni ojú sólà já. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, mo wo app orí fóònù mi lálẹ́, 20 Ah ò pé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbà mí. Àlọ Ẹ̀pẹ́ nìkan ń fún mi ní nǹkan bíi 45 Ah, àbọ̀ tún bẹ́ẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà ń kó tiẹ̀ wá, àmọ́ bí a bá dúró sójú kan pẹ́, mo máa ń ní kí bàbá àwọn ọmọ pa ẹ̀rọ náà láti orí fóònù, torí pé ọ̀tanétọ̀ kì í rí atẹ́gùn tó bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra sáré.

Ohun méjì ni mi ò fẹ́ràn. Ètò bátìrì olómi ló wà lórí ẹ̀rọ náà nígbà tí mo rà á, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí n yí i sí ti lithium. Ó tún ń gbóná gan-an: nígbà tí a gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí 20 ámpì lọ́sàn-án. A gbé e jáde síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó padà sí 30. Fíúsì 60 ámpì wà létí bátìrì iwájú, òmíràn wà létí ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan tó, ẹ má gbà fún un, nítorí wáyà náà ní bátìrì lórí méjèèjì.

Bàbá àwọn ọmọ ń sọ pé ká ra ti 50 ámpì. Mi ò tíì gbà. Ọ̀tanétọ̀ 80 ámpì tó ń gbé iná iwájú àti AC ọkọ̀, mi ò lè di irú ẹrù yẹn lé e lórí. Sólà àti ẹ̀rọ yìí bí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 50 ámpì tí ìwé bátìrì mi fàyè gbà. Bátìrì kejì ni mo ń tọ́jú owó fún.