Bẹ́ẹ̀dì rọ́bà onísíìpù tí mo rà: èjìká mi ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹ̀gbẹ́ sùn bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Látìgbà oyún ọmọ mi kejì tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn ló ti mọ́ mi lára, ọmọ ọ̀hún ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, mi ò tíì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí oorun kùn mí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, apá òsì mi á ti kú pátápátá, màá fọwọ́ ọ̀tún gbé e bí ẹni gbé igi, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì máa gbọ̀n ọ́n, á wá máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀ o. Nílé lọ́hùn-ún, fóòmù tó bá le ni fóòmù gidi, wọ́n á ní orthopaedic ni, tẹ́ ẹ bá jókòó lé e tí ò rì, a jẹ́ pé owó yín ò ṣòfò. Orí yẹn náà ni mo gbé dé Houston. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ wá pinnu láti ra bẹ́ẹ̀dì latex, ìyẹn èyí tí wọ́n fi oje igi rọ́bà ṣe, $2,300, owó tó ń dun èèyàn, èmi náà ni mo tún fọwọ́ ara mi yan èyí tí wọ́n pè ní líle nínú ìwé wọn.

Páálí ni wọ́n kó o sí wá. Rọ́bà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta fún ẹ̀gbẹ́ tèmi, mẹ́ta fún ti ọkọ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ínṣì mẹ́ta, pẹ̀lú kọ́bà ńlá kan tí wọ́n fi irun àgùntàn sínú aṣọ ẹ̀, síìpù sì yí i ká. Ó ń rùn bíi fèrè rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Òórùn yẹn ò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu, torí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, oko rọ́bà Araromi ò jìnnà sí wa, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ ha èèpo igi ní ìdájí tí oje funfun á máa kán tó, tó, tó sínú ife, àwa ọmọdé á máa yọ́ èyí tó ti dì kó, a ó fi ṣe bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yẹn máa ń ta ju fèrèsé lọ. Oje yẹn náà ni mo wá ń san dọ́là lé lórí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ oje ọ̀hún di bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó ti pẹ́ ni Dunlop, Dunlop táyà àti sílípáàsì yẹn náà, Birmingham ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1929: wọ́n á lù ú bí ẹni lu ẹyin títí á fi hó, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á sè é. Ó máa ń wúwo, ó sì máa ń le jù nísàlẹ̀ torí ohun tó wúwo nínú ẹ̀ á ti rọlẹ̀. Èkejì ni Talalay, ìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú mọ́ọ̀dù jáde kí oje lè fẹ̀ kún un, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín, kí wọ́n tó wá sè é, ó fúyẹ́, ó sì dọ́gba lókè nísàlẹ̀, ó tún wọ́n jù. Nínú tèmi, ìpele tó le jù nìkan ni Dunlop, méjì tó kù Talalay. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ líle ẹ̀ ni ILD, ìyẹn iye ìwúwo, ní pọ́n-ùn, tí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ kó tó rì dé ìdá kan nínú mẹ́rin bó ṣe nípọn tó. Tèmi jẹ́ 19, 28 àti 36. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ló ń le sí i.

Báyìí la ṣe tò ó níbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ṣe wí: 28 lókè, 36 láàrin, 19 nísàlẹ̀ pátápátá. Ọkọ mi tó ń fẹ̀yìn sùn, tó sì sanra, ní òun ò tíì sùn báyìí rí láyé òun. Èmi? Apá kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo pe iléeṣẹ́ tó tà á fún wa, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n lọ ra fóòmù fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ́ sórí ẹ̀, ó lé ní $300. Kò sọ fún mi pé mo lè ṣí síìpù kí n tún un tò! Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó gan-an nìyẹn o, òun ò sì rántí sọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ọkọ mi ló gbọ́n. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ sùn bí mo ṣe máa ń sùn, ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹ̀yìn búláòsì mi láti ọrùn dé ìdí, ó yà mí ní fọ́tò látẹ̀yìn. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀pá ẹ̀yìn mi tẹ̀ kòròdò! Èjìká ò rì, ìbàdí ò rì, ikùn nìkan ló sọ̀ sílẹ̀ láàrin méjèèjì, mo lè ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ mi kó já sódì kejì. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn, ibi méjì tó yọ síta lára ẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù, bí bẹ́ẹ̀dì ò bá gbà wọ́n wọlé, àwọn ni yóò máa jẹ ìyà ẹ̀. Èmi tí mi ò sì ju kílò 60 lọ, mi ò wúwo tó láti fipá tẹ 28 wọlé.

A bá ṣí síìpù. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, èmi ọmọ Ọ̀rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà yẹn kì í yọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fi ìka fà á, ó lè ya. Ó tó pọ́n-ùn 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìgbà téèyàn ń gbé ọ̀mùtí wọlé. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a ká a bí ẹní, a gbé e sí ibi tó máa wà, a wá tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tèmi nìkan la fọwọ́ kàn: 19 lókè, 28 láàrin, 36 nísàlẹ̀.

Ó dáa sí i lọ́gán, ṣùgbọ́n kò tíì dáa tán. Mo fẹ́ pariwo, kí n tó wá rí i pé kọ́bà ike tí a fi ń gba omi àti ìtọ̀ ọmọ, tí mo fà le gbagidi lórí ẹ̀, ló ń dí èjìká mi lọ́wọ́. Aṣọ tó bá fà bí awọ ìlù, bí rọ́bà abẹ́ ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ ò ní mọ̀. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó máa ń nà, $40, àyípadà tó mú wá ju bí mo ṣe lérò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ọrùn tún bẹ̀rẹ̀. Ó yé mi nígbà tó yá: èjìká ti rì wọlé, orí ò wá jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pílò gíga tí mo ń lò ń ti ọrùn mi sókè. Mo ṣí i, mo kó òwú inú ẹ̀ kúrò díẹ̀. Ó parí.

Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà o. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ohun kan, ẹ sùn lé e bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ìbàdí ló ń rì jù tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ wá ń dùn yín, ìyẹn ti rọ̀ jù, ẹ gbé èyí tó le jù wá sáàrin, ẹ má tíì yọ ti òkè.

Màmá ọkọ mi wá kí wa láti Àkúrẹ́, wọ́n ní ṣé a kì í sá nǹkan yìí sóòrùn ni, wọ́n ti fẹ́ máa wọ́ ọ jáde. Mo sáré dì í mú. Oòrùn ni ọ̀tá rọ́bà, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á gbẹ, á máa rún bí àkàrà àná. Afẹ́fẹ́ tó bá ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá ti tó o, igi pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ tò sábẹ́ ẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má sì fẹ̀, kó má lọ rì sáàrin wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n tẹ́ ẹní wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sùn títí wọ́n fi lọ.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn, màá fún un ní 8 nínú 10, iléeṣẹ́ tó tà á, 4. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rí i pé síìpù wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ti gán an pa, ẹ fi sílẹ̀. Apá mi ò kú mọ́ láti oṣù márùn-ún. Síìpù igun kan ti fẹ́ máa yọ ṣá, ẹ̀gbẹ́ tèmi náà ni, nítorí pé àwa la ń ṣí i, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, mo ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, mo ṣì ń retí wọn.