Fíìmù Tí Mo Fẹ́ràn Jù Lọ: 12 Angry Men
Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò, 12 Angry Men, tí Sidney Lumet darí ní ọdún 1957, ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Inú yàrá kan ni ọkùnrin méjìlá tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ ti ń pinnu bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ̀bi ìpànìyàn, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 96 náà kò sú mi rí. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni ó wú mi lórí jù: láti òkè ni ó ti ń wò wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn ṣe ń gbóná, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àjà fi hàn, tí ó sì dà bí ẹni pé ògiri ń fún wọn mọ́ra. Ìyípadà ọkàn ẹni tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin náà láti gbà pẹ̀lú àwọn yòókù nìkan ni mo rò pé ó yá jù.