Sikánà Bluetooth kékeré tí mo fi yẹ Big Daddy mi wò nígbà tó ń gbọ̀n

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ṣe pàtàkì bẹ̀rẹ̀. Sikánà kékeré yìí, èyí tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sórí fóònù, kọ́ ló rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ mi, àmọ́ tí wọ́n bá jí i lónìí màá ra òmíràn lọ́la. Ẹ máa kà á lọ, ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Camry 2003 ni ọkọ̀ mi, Big Daddy tí gbogbo wa mọ̀, ẹ́ńjìn 2.4, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin. Tó bá ń lọ kò sí wàhálà kankan, láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́ dé Òmù-Àrán ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Àfi tó bá dúró. Ẹ sáà mọ bí Pósí Ọ́fíìsì ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì tí jíà ṣì wà ní D, sitíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín, dígí á máa gbọ̀n, owó ṣẹ́ńjì tó wà nínú àpò ilẹ̀kùn á máa ké. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn tèmi kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà, kí ló wá ń bá bọ́nẹ́ẹ̀tì jà sí?

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo fi hàn, kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní ká lọ ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ká fọ nọ́sù, tí ò bá lọ ká pààrọ̀ fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mọ̀? Ó ní "Àlhájì, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyí." Mi ò bá a jiyàn, àgbà ni, mo kàn ní màá padà wá. Torí ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nílùú yìí, púlọ́ọ̀gì ni wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ fún un, bó ṣe púlọ́ọ̀gì bó ṣe kì í ṣe púlọ́ọ̀gì, owó tiẹ̀ lẹ sì máa san.

Bí mo ṣe ra sikánà nìyẹn o. Ó kéré gan-an, inú àpò bùbá ló ń gbé. ELM327 ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, orúkọ ṣíìpù tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ayédèrú ṣíìpù yẹn ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Owó tí mo fi rà á kò pọ̀ ju owó tí àwọn oní-kọ̀ǹpútà máa gbà láti yẹ ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ẹ ó kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún òsì awakọ̀, ihò onípíìnì mẹ́rìndínlógún, ẹ ṣí iná ọkọ̀, ẹ tan Bluetooth fóònù, ó máa bèèrè nọ́ńbà, 1234 tàbí 0000. Áàpù tí mo lò ni Car Scanner, Torque náà dáa. Àwọn oní-iPhone, ẹ má ra oní-Bluetooth àtijọ́ yìí o, kò ní bá fóònù yín sọ̀rọ̀, ẹ bèèrè fún oní-Wi-Fi tàbí Bluetooth LE.

Kí n tó ra tèmi, mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan lò, wọ́n kọ v2.1 sí ara ẹ̀. Tó bá wà lára ọkọ̀ ẹ̀ tó jẹ́ 2010, ó ń ṣiṣẹ́ geere, tó bá kan tèmi, kò rí nǹkan kan, áàpù á kàn máa yí bírí bírí lójú kan. Ohun tó fà á ni pé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ò sọ irú èdè tí àwọn ti ìsìnyí ń sọ. Big Daddy mi, ISO 9141 ló ń sọ, àwọn tuntun CAN ni wọ́n ń sọ, àwọn ayédèrú kan sì wà tí ò gbọ́ èdè àtijọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ, ẹ ní kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Kódà èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ àtijọ́, ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà ò ní máa yí kíákíá bẹ́ ẹ ṣe ń rò, mi ò kà á sí.

Ọkọ̀ yín sì lè má tiẹ̀ gbà á rárá. Amẹ́ríkà sọ irú ihò yìí, OBD-II, di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kékeré wọn láti 1996, àwọn ará Yúróòpù ti oní-pẹtiróòlù di 2001. Àna mi kan l'Ọ́fà ní kí n wá fi yẹ Golf 3 òun wò, mo ní bàbá, ẹ má bínú, ti yín ò gbọ́ irú èyí. Ọ̀pọ̀ Camry Òróbó 1994 náà bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́. Kí n tó kì í bọ̀ ọ́ rárá mo ti wo iná check engine. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ò tíì sítáàtì, iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn. Tí ò bá tàn rárá, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti yọ gílóòbù ẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún yín, mo ti rí i lójú mi. Tèmi tàn, ó sì kú lẹ́yìn tí mo sítáàtì. Mo ṣe sikáànì, kò sí kóòdù kankan, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Áàpù yẹn tún máa ń fi hàn yín bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, ó máa kọ ọ́ pé àwọn ìdánwò inú ọkọ̀ ò tíì parí, èyí wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ torí àwọn kan máa ń pa gbogbo kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa wá wò ó. Tèmi, gbogbo ẹ̀ ti parí, á jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí kóòdù.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé sikánà ò wúlò. Kóòdù nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ kẹ̀, ẹ lọ síbi tí nọ́ńbà ti ń yí. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìn gbóná dáadáa, mo pa AC, mo wo RPM, iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan: ó wà láàárín 650 sí 700, kò fò sókè fò sílẹ̀. Ẹ́ńjìn tó bá ń mísì, tí púlọ́ọ̀gì kan ò jó, RPM ẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo wo fuel trim, èyí ni ohun tó fi hàn bóyá bírénbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìn, ń fi epo kún un tàbí ó ń yọ kúrò. Èyí tó gùn wà ní bíi 3%, èyí tó kúrú ń lọ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo. Tí họ́ọ̀sì kan bá já tí ẹ́ńjìn ń fa afẹ́fẹ́ tí ò yẹ kó fà, ẹ máa rí i tó máa gun 15, 20 lọ sókè nígbà tí ọkọ̀ dúró, tẹ́ ẹ bá wá tẹ iná sí i tó dé 2,500, á máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, MAF yẹn, ló dọ̀tí, òdìkejì ló sábà máa ń ṣe, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló máa ń gùn. Pẹ̀lú eruku ọyẹ́ wa níhìn-ín, MAF tó dọ̀tí ò ṣọ̀wọ́n o.

Tèmi ò sí nínú ìkankan. Epo ń lọ déédéé, iná ń jó déédéé, ẹ́ńjìn ò sì yéé gbọ̀n. Ibi tí sikánà ti gbà mí lọ́wọ́ púlọ́ọ̀gì, nọ́sù àti pọ́ǹpù nìyẹn, torí ẹ́ńjìn tí nọ́ńbà ẹ̀ dáa báyìí, kì í ṣe pé kò jó dáadáa, àfi kó jẹ́ pé ohun tó gbé e dúró ló ti bàjẹ́. Engine seat ọkọ̀ mi sì rèé, kò ní sẹ́ńsọ̀, kò ní wáyà, sikánà kankan ò lè rí i, kì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù l'áyé.

Mo wá gbé jíà sí N, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Mo dá a padà sí D pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo pe ọmọ mi tó dàgbà kó jókòó sídìí sitíárìn, háńbíréèkì lókè, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì dáadáa, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ (ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ o, ẹ̀mí ò láàrọ̀), mo ní kó máa yí láti D sí R díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìn dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀, seat ti apá ibi tí fáànù bẹ́líìtì wà, èyí tí wọ́n máa ń rọ epo sínú ẹ̀, epo ti jò tán, gbogbo ara ẹ̀ dúdú, rọ́bà ti fà ya.

Mo gbé e padà lọ bá ọ̀gá àkọ́kọ́ yẹn, mo fi han án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Àlhájì, fóònù yín ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa." Mo ní rárá o ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa tú u. Òun náà ló sì ṣe é, ó ṣe é dáadáa. A ra seat tòkunbọ̀ ní Táíwò. Tuntun wà níbẹ̀ tí ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ rọ́bà líle lásán ni, kò sí epo nínú ẹ̀, irú ìyẹn lè jẹ́ kí gbígbọ̀n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ò tilẹ̀ já. Ẹ fi ọwọ́ tẹ tòkunbọ̀ náà kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá epo ti ń yọ lára ẹ̀. Báyìí tí mo bá dúró ní Pósí Ọ́fíìsì, owó ṣẹ́ńjì ò ké mọ́. Tí mo bá tan AC ó ṣì máa ń gbọ̀n díẹ̀, ìyẹn ò dà mí láàmú.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé tí ò bá rí kóòdù nìkan ló wúlò, aládùúgbò mi kan ní Tanke, Corolla tiẹ̀ ń gbọ̀n ní N, ó ń gbọ̀n ní D, iná check engine ń ṣẹ́jú. A fi sikánà yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé P0302 jáde, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì ń mísì. A gbé kọ́ìlì kejì sí ìkínní, ti ìkínní sí ìkejì, a pa kóòdù rẹ́, a wà á yípo àdúgbò, ó padà wá pẹ̀lú P0301. Kọ́ìlì ni. Ẹyọ kan ló rà. Tí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú báyẹn ẹ má wà á lọ sí ìrìn àjò, epo tí ò jó ló ń lọ sínú catalytic yín, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ó máa bà á jẹ́.

Àwọn ohun tí mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀: èdè òyìnbó ni gbogbo àlàyé kóòdù, ó sì máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. P0171 kò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra oxygen sensor, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ ló ń sọ, ìdí ẹ̀ lè jẹ́ họ́ọ̀sì tí ò tó nǹkan. Áàpù ọ̀fẹ́ kún fún ìpolówó ọjà. Orúnkún mi máa ń kọ lù ú tí mo bá ń wọlé. Ó sì máa ń fa bátìrì tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ síbẹ̀, ní pàtàkì ọkọ̀ tó máa ń dúró nílé fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán.