Sítáǹpù Ọgbà Mẹ́wàá ti 1934: Ẹ Rà Á Tòun Ti Káàdì Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé nínú gbogbo sítáǹpù tó gbé òkè, odò àti ilé àtijọ́, èwo ni kí òun kọ́kọ́ rà, n kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: sítáǹpù ọgbà ìjọba àpapọ̀ (ilẹ̀ ẹlẹ́wà tí ìjọba ń dáàbò bò, tí wọ́n ń pè ní national park) tí Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá 1934 ni. Mẹ́wàá péré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ǹtì 1, ó parí sí sẹ́ǹtì 10, kò fo ọ̀kankan. Bí ẹ bá ro iye tí wọ́n kọ sójú gbogbo wọn pọ̀, sẹ́ǹtì 55 ni. Ẹni tó bá ń kó sítáǹpù jọ á mọ bí èyí ṣe dùn tó: ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, téèyàn lè rà pé láìta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n títí dòní.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà rà á ni mo fẹ́ sọ, torí èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á ní èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò rí làwọn ń fẹ́, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n á kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú álíbọ́ọ̀mù, ó parí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti rìnrìn àjò, tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara káàdì alááwòrán, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́ níbi gan-an tí àwòrán rẹ̀ ti wá, òun ni kí ẹ máa wá kiri.

Ẹ jẹ́ ká wo sítáǹpù náà fúnra rẹ̀ ná. Iṣẹ́ fífín ni, kì í ṣe fọ́tò. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Washington ló fi irinṣẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ìlà sára irin. Inki á wọnú ìlà náà, wọ́n á fi agbára tẹ bébà lé e, inki á sì dúró lé orí bébà. Ẹ gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé sẹ́ǹtì 1, ìyẹn El Capitan ní Yosemite, tí wọ́n fi inki àwọ̀ ewé tẹ̀. Òkúta tó ga tó nǹkan bíi mítà 900 ni wọ́n rọ́ sínú bébà tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ẹ ò ní í rí àmì tóótòòtó tó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ sítáǹpù òde òní. Ìlà ni ẹ máa rí, wọ́n tín-ín-rín bí irun, wọ́n há mọ́ra níbi tí òjìji wà, wọ́n sì jìnnà síra níbi tí oòrùn ti kan òkúta.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé torí igbó Yosemite ni sẹ́ǹtì 1 ṣe jẹ́ àwọ̀ ewé, tàbí pé torí omi ni sẹ́ǹtì 5 ṣe jẹ́ búlúù. Àdéhùn àtijọ́ láàárín àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ló fa èyí: ewé fún sẹ́ǹtì 1, pupa fún sẹ́ǹtì 2, búlúù fún sẹ́ǹtì 5 tó ń gbé lẹ́tà lọ sókè òkun. Oríire lásán ló jẹ́ kí pupa bọ́ sọ́wọ́ Grand Canyon, níbi tí àpáta ti pupa lóòótọ́.

Sẹ́ǹtì 5 yìí gan-an ni ààyò mi. Old Faithful ní Yellowstone ló wà níbẹ̀, omi gbígbóná tó ń tú látinú ilẹ̀ lọ sófuurufú, tó sì máa ń ga ju mítà 50 lọ nígbà mìíràn. Ẹ wo ibi tí omi náà wà dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inki ò kàn án. Bébà lásán ni. Ojú ọ̀run búlúù tí oníṣẹ́ ọnà fín yí i ká ló mú kí ojú wa ka bébà òfìfo sí omi tó ń hó. Mo ti fi sítáǹpù yìí han àwọn tí kò bìkítà fún sítáǹpù rárá, wọ́n sì gba awò lọ́wọ́ mi láti tún un wò.

Sẹ́ǹtì 4 ló tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló gbé ilé tí ọmọ èèyàn kọ́ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: Cliff Palace ní Mesa Verde, tí àwọn baba ńlá ẹ̀yà Pueblo kọ́ sábẹ́ àpáta, tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Yàrá rẹ̀ tó nǹkan bíi 150. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ ibi 12 àkọ́kọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1978, Mesa Verde àti Yellowstone wà nínú wọn. Sítáǹpù ti gbé àwọn méjèèjì káàkiri ayé fún ọdún 44 kó tó di ìgbà yẹn. Grand Canyon wọlé ní 1979, Great Smoky Mountains ní 1983, Yosemite ní 1984, Glacier sì bá ọgbà Waterton ti Kánádà wọlé pa pọ̀ ní 1995. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tó bá ń kó ibi ogún àgbáyé jọ lè fi sítáǹpù yìí bẹ̀rẹ̀ láìsí pé ó ń wá ohun mìíràn.

Sẹ́ǹtì 3, òkè Rainier àti òjìji rẹ̀ nínú adágún omi, dára, ṣùgbọ́n òun ló wọ́pọ̀ jù torí sẹ́ǹtì 3 ni owó lẹ́tà nígbà náà. Sẹ́ǹtì 6 jẹ́ Crater Lake, sẹ́ǹtì 7 jẹ́ etíkun Acadia tí wọ́n fi inki dúdú tẹ̀, sẹ́ǹtì 8 jẹ́ Zion, sẹ́ǹtì 9 jẹ́ Glacier. Kò sí èyí tí mo lè bú nínú wọn. Sẹ́ǹtì 10 nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Great Smoky Mountains ni. Wọn ò tíì dá ọgbà náà sílẹ̀ tán àfi ní oṣù kẹfà ọdún yẹn gan-an, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yára mú un. Ìkùukùu ló sọ àwọn òkè wọ̀nyẹn di gbajúmọ̀, iṣẹ́ fífín aláwọ̀ eérú ò sì mọ ìkùukùu yà. Ó kàn ṣókùnkùn ni. Mo tún ní ẹ̀sùn kékeré kan: ọgbà mẹ́jọ ló wà ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, méjì péré ló wà ní ìlà oòrùn.

Àwọn kan á ní kí ni mò ń fi sítáǹpù àtijọ́ ṣe nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya Yosemite, Yellowstone àti Great Smoky Mountains sí sítáǹpù aláwọ̀ mèremère ní 2003. Mo ní in. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n sítáǹpù àjọ yìí kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn ju àwọn ọ́fíìsì wọn ní New York, Geneva àti Vienna lọ. Bí ẹ bá gun Yosemite títí dé góńgó, ẹ ò lè fi í ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Àwòrán òkè náà àti òǹtẹ̀ rẹ̀ kò lè pàdé láéláé. Ti 1934 yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ọgbà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde: sẹ́ǹtì 1 ní Yosemite lọ́jọ́ 16 oṣù keje, sẹ́ǹtì 3 ní Longmire lábẹ́ òkè Rainier, sẹ́ǹtì 7 ní Bar Harbor lẹ́bàá Acadia, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tòun ti Washington.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kàn báyìí. Sẹ́ǹtì 1 ni owó tí wọ́n fi ń fi káàdì alááwòrán ránṣẹ́ lábẹ́lé ní 1934. Èyí ló jẹ́ kí El Capitan wà lára káàdì tó pọ̀ rẹpẹtẹ, èyí tó sì gbé àwòrán El Capitan tàbí àfonífojì Yosemite níwájú kò ṣòro rí. Káàdì ìgbà náà tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ojú rẹ̀ ní ìrísí aṣọ híhun, tí ilé iṣẹ́ Curt Teich ní Chicago tẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Ẹ fi ìka ra ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ojú ibẹ̀ kò jọ̀lọ̀. Ìrísí yẹn ló jẹ́ kí bébà lè gba inki púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń ké tantan. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ ọnà á wá kun ún, á yọ òpó wáyà kúrò, á fi àwọsánmà tí kò sí níbẹ̀ rí kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni díẹ̀ nínú rẹ̀. N kò bá wọn jà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà lójú káàdì Teich. Bí ẹ bá rí 4A-H, tí nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e, ọdún 1934 ni: A dúró fún àwọn ọdún 1930, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ sọ ọdún gan-an. 7A-H jẹ́ 1937. B jẹ́ ti àwọn ọdún 1940. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta káàdì 2B-H fún yín pé wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1934, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Sítáǹpù tó ju sẹ́ǹtì 1 lọ lára káàdì ló wá ń gba sùúrù. Ta ni yóò lẹ sẹ́ǹtì 7 mọ́ ohun tí sẹ́ǹtì 1 tó? Ẹni bíi tiwa ni. Ẹnìkan tó dúró sí Bar Harbor, tó ra káàdì etíkun Acadia, tó wá sítáǹpù etíkun náà, tó sì san àsanlé kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ. Bí mo bá rí irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́yìn káàdì ni mo kọ́kọ́ máa ń kà, ó sì máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni. Àwọn òǹtàjà kan ò mọyì èyí. Ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi sẹ́ǹtì 9 tó ní òǹtẹ̀ Glacier Park ránṣẹ́ sí mi: ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò lára káàdì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní òun ń bá mi dín owó ìfiránṣẹ́ kù.

Ẹ ṣọ́ra fún gbàjúẹ̀ pẹ̀lú. James Farley, ọ̀gá àgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà nígbà náà, fa sítáǹpù tí wọn ò tíì lu ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ya wọ́n síra sí létí, tí kò sì ní gọ́ọ̀mù, láti ibi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó san owó ojú rẹ̀, ó fi ta ààrẹ Roosevelt àti àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn lọ́rẹ. Roosevelt fúnra rẹ̀ ń kó sítáǹpù jọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà já síta, ariwo ta, torí irú rẹ̀ kò sí fún ẹlòmíràn láti rà. Ní 1935 wọ́n ní láti tẹ irú rẹ̀ gan-an fún gbogbo èèyàn. Nínú ìwé Scott, ìwé tó ń to sítáǹpù ní nọ́ńbà-nọ́ńbà fún àwọn tó ń kó o jọ, nọ́ńbà 740 sí 749 ni ti 1934, 756 sí 765 ni ti 1935 tí kò níhò. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ti 1935 bá gbẹ láìní gọ́ọ̀mù, ẹ má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe tà á nìyẹn. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ti 1934 tí ẹnìkan gé ihò etí rẹ̀ dànù láti fi pe ara rẹ̀ ní ti 1935. Ẹ wo etí funfun rẹ̀: bí kò bá fẹ̀ dáadáa ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má rà á. Àwọn mìíràn ń lẹ gọ́ọ̀mù tuntun mọ́ ẹ̀yìn ti 1934, ojú àpá kì í sì í jọ ojú ara: gọ́ọ̀mù tuntun sábà máa ń ṣàn wọnú ihò etí, á mú kí eyín wẹ́wẹ́ rẹ̀ le.

Ẹni tó bá ra èyí tó wà lára káàdì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wàhálà gọ́ọ̀mù yìí. Ẹ má kàn fi káàdì náà sínú àpò ọ̀rá PVC, torí ọ̀rá yẹn máa ń rọ̀, á sì ba inki jẹ́ bó bá pẹ́. Ọ̀rá polyester tàbí polypropylene ni kí ẹ bèèrè. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi láti yọ sítáǹpù.

Ní tèmi, sẹ́ǹtì 1 lára káàdì Yosemite ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn rí, ojú yín á sì tètè mọ bí òǹtẹ̀ tó mọ́ ṣe ń rí. Lẹ́yìn rẹ̀, Old Faithful. Ẹ fi Great Smoky sí ìparí, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi ṣì ń wá sẹ́ǹtì 8 lára káàdì Zion tí òǹtẹ̀ Zion wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó jọ̀wọ́ ké sí mi, kó sì jìnnà sí sísọ́ọ̀sì.